Oníkánjú Tàbí Onísùúrù: Ọ̀rọ̀ Omi Gbígbóná fún Bàámi

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọlẹ̀? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí orí ìdúró lo ṣì ti ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀? Àwa wà níbí. Bàbá rẹ náà wà bó ṣe wà. Apá òsì kò tíì ṣeé gbé, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ o. Ojú ló fi ń dá mi lóhùn. Bí inú bá bí i, á kọjú sí ògiri, ó di ọjọ́ kejì.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa ń bá mi pe nọ́ńbà, bí mo bá sì ti ń sọ̀rọ̀, òun náà á ti máa dá sí i.

Obìnrin tó ń wá láti ọsibítù wá na iṣan fún bàbá rẹ sọ pé inú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ó ti máa kọ́ ìrìn. Ó ní omi á gbé ara rẹ̀, ooru á sì tú àwọn iṣan tó ti dì. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ìyáàfin, ṣé ẹ mọ ilé ẹni tí ẹ wà ṣá?" Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hàn án, adágún tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó fi kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò yìí bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á yọ. Omi náà tutù débi pé ó ń ta ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá o. Kò tíì kí bàbá rẹ tán tó fi fa téèpù ìwọnlẹ̀ yọ. Ó ní kí a da iyanrìn dí adágún náà, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀, pé ta ló kù tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi téèpù rẹ̀ wọn ibi tó dúró sí dé ẹnu ọ̀nà, kí ó sì máa bá ìwọ̀n náà lọ.

Mo ti pinnu. Gáàsì ni mo fẹ́ fi mú omi náà gbóná. Ọkùnrin tó ń ta gáàsì ní ìkángun òpópónà wa ti wá wo ibẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà á wọ yàrá kékeré tí a gbé ẹ̀rọ afami sí, lábẹ́ fèrèsé bàbá rẹ. Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná lò ń ṣe lọ́hùn-ún, kọ orúkọ èyí tó dára ránṣẹ́ sí mi. Àṣẹ kọ́ ni mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ o. Ìmọ̀ràn lásán ni.

Èmi ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú gbígbé sókè gbígbé sílẹ̀. Ọlọ́run á fún yín lókun. Mo ń jẹun, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra gáàsì. Híìtì pọ́ǹpù ni kí ẹ rà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ̀rọ gáàsì ń dáná fún omi bí ẹni gbé ìkòkò kaná. Bí ẹ bá tàn án, kíá, omi ti lọ́wọ́ọ́wọ́, bí afẹ́fẹ́ ìta tilẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pa á, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù padà, ẹ óò sì máa ru sílíńdà lọ, ẹ óò máa rù ú bọ̀. Híìtì pọ́ǹpù kì í dáná rárá. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé. Ooru tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà, bó ti wù kó kéré mọ, ló máa ń ṣà jọ tí yóò gbé e sínú omi. Iná mànàmáná ló ń lò, kì í sì í lò ó nílòkulò. Kì í yára, sùúrù ló fi ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti gbóná tán, tí ẹ bá sì ń ta ìbora adágún lé e lórí lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ óò máa bá a láràárọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni yàrá abẹ́ fèrèsé yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná gáàsì síbẹ̀. Màámi, ẹ fetí sí mi. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ mi ni.

Ọ̀gá mi ti fi mí ṣe olórí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ilé la sábà máa ń wà, láàárín páìpù tó ń làágùn, níbi tí a kì í ti mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ lókè. Iṣẹ́ tó kàn jẹ́ ti ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan tó ní adágún.

Mo ya àwòrán ibi tí ẹ lè gbé ẹ̀rọ náà sí, lẹ́bàá ọgbà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Ẹ ṣe é bí mo ṣe yà á gẹ́lẹ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ọ̀gá mi,

Orúkọ tó yẹ kí n máa pè ọ́ báyìí nìyẹn. Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà, mo wá bi ara mi léèrè pé nínú àwa méjèèjì, ta ló bí ẹnì kejì? "Ẹ má ra." "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀." "Ẹ ṣe é bí mo ṣe yà á." Ṣé èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí lé lórí ni?

Mo ti sọ àwọn ẹ̀rọ méjèèjì lórúkọ. Ti gáàsì ń jẹ́ Oníkánjú. Tìrẹ ń jẹ́ Onísùúrù. Kí n wá sọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn Oníkánjú jù fún ọ. Ìwọ ò gbé pẹ̀lú bàbá rẹ báyìí. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ gbìyànjú. Á di etí ibùsùn mú, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá a jà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Bó bá dé, ṣé kí n ní kí ó jókòó ná, kí Onísùúrù máa ṣa ooru jọ? Kí omi náà tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti kọjú sí ògiri nìyẹn. Iná mànàmáná wa ńkọ́? Bí wọ́n bá mú un lọ, kí ni Onísùúrù rẹ fẹ́ máa fi mí èémí?

O ní o mọ ohun tí ò ń sọ. Ó dáa. Kí lo mọ̀? O kò sọ ọ́. O kàn pàṣẹ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń pàṣẹ, tèmi kò sì tíì tán nínú mi. Mo ti ní kí ọlọ́jà gáàsì máa bọ̀.

Bàbá rẹ kí ọ. Mo ka ìwé rẹ sí i létí. Nígbà tí mo dé ibi "iṣẹ́ mi ni", ó mi orí. N ò mọ̀ bóyá ìwọ ló gbè àbí èmi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ kú ilé.

Ẹ ti gbọ́ tèmi, ẹ ní ẹ ò gbà. Ó ti tán. Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n bá yín yan ẹ̀rọ, ẹ má sì sọ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tan iná náà fún mi. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi kí Bàámi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ìwé mi, tí o sì ń ṣe bí ẹni tí kò retí rẹ̀. Inú ló bí mi. Mo ní mi ò ní kọ̀wé mọ́ títí wàá fi bẹ̀ mí. Mo wá rí i pé bàbá rẹ ni ìjà àwa méjèèjì yìí máa fìyà jẹ, ni mo bá mú bírò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ọkọ̀ iyanrìn dé. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Inú ilé ni mo wà tí mo ti gbọ́ ariwo tipá tó ń fi ẹ̀yìn wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Mo gbé àga ìdáná, mo lọ gbé e sí etí adágún, mo jókòó, mo sì kẹ́yìn sí ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Màámi, ẹ dìde."

Mo ní, "Mi ò dìde."

"Màámi, omi yìí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀fọn ló ń bí. Bàámi ò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí a gba kámú."

"Ìwọ gba kámú. Èmi ò ní àyè tí mo fẹ́ gbà á sí."

Ó ké sí awakọ̀ pé kí ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ní, "Ọ̀gá, èmi náà ní ìyá o. Ẹ wá ẹlòmíì." Ó gbé tipá rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ti ń rò pé ariwo ló fẹ́ pa, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màámi, mi ò lè máa wo adágún yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i ni mo máa ń rí Bàámi nínú rẹ̀, tó ń ké pe orúkọ wa." Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń lé e kiri nìyẹn.

Gáàsì ńkọ́? Ọlọ́jà náà dé, ó tú irinṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó dúró ná. Ìwé rẹ kúkúrú yẹn ló dí mi lọ́wọ́. Mo mọ inú rẹ. Bí o bá ń bínú, ọ̀rọ̀ rẹ máa ń gùn ni. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ ni o máa ń gé e kúrú. Láti kékeré ni.

Kí ló dẹ́rù bà ọ́? Má parọ́ fún mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù keje

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdúróṣinṣin. Mo rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ àga yẹn títí omi fi jáde lójú mi, mo sì bá Ẹ̀gbọ́n mi kẹ́dùn.

Ẹ ní kí n má parọ́. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, wọ́n rán wa lọ tún ẹ̀rọ gáàsì kan ṣe ní abẹ́ ilé alájà púpọ̀ kan. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Páìpù tó yẹ kí ó máa gbé èéfín jáde ti yọ lẹ́nu ibi tí wọ́n ti so ó, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ń tú nọ́ọ̀tì. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo ní àìjẹun ni. Màámi, èéfín yẹn kò rùn. Kì í ta ènìyàn nímú, a kì í fojú rí i. Oorun ni mo rò pé ó ń kùn mí, oorun dídùn. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́, obìnrin kan tí a ń pè ní Páìpù, ló wá wò mí tó bá mi nílẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, ó fi wọ́ mi jáde. Orí ibùsùn ọsibítù ni mo jí sí, wọ́n ti de nǹkan afẹ́fẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Mi ò sọ fún yín nítorí pé Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú nígbà náà. Mo ní ẹrù tó wà lọ́rùn yín ti tó. Nígbà tí ẹ wá kọ̀wé pé abẹ́ fèrèsé Bàámi lẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ gáàsì sí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè dìde, ló sùn sí, yàrá abẹ́ ilé yẹn ni mo tún rí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi ṣàlàyé, bí àṣẹ ló ń jáde.

Kò tán síbẹ̀. Ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí mo sọ fún yín, ẹ̀rọ gáàsì ni ọ̀gá mi fẹ́ kí a gbé síbẹ̀, sínú yàrá tí a tì pa lábẹ́ adágún wọn, nítorí pé ẹ̀rọ náà ti wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ olórí buwọ́ lù ú pé afẹ́fẹ́ tó níbẹ̀. Kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Mo ti ní mo máa ronú sí i, mo tún ti ní mo máa ronú sí i. Ojú ń tì mí, Màámi. Ẹ̀yin ni mo lè sọ pé "ẹ kò gbọdọ̀" fún. Tí mo bá dé iwájú rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Ọmọ mi, ọmọ mi,

O sùn sórí ibùsùn ọsibítù, èmi ò sì mọ̀! Mo pariwo nígbà tí mo kà á, bàbá rẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún lu ibùsùn pé kí ni, kí ni. Mo kà á sí i létí. Ó sunkún. Kò kọjú sí ògiri o. Èmi ló ń wò tó fi ń sunkún. Má tún dán irú rẹ̀ wò mọ́. Kì í ṣe ìwọ lo máa bá mi wọn ẹrù tí ọrùn mi lè gbé. Bá mi kí Páìpù. Sọ fún un pé ó ní ìyá sí ibí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Ìwọ tí o kọ̀ fún mi, fún èmi tí mo gbé ọ sẹ́yìn, ìwọ ló wá ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" fún ọkùnrin tí kò mọ ìgbà tí o hu eyín? Wọlé tọ̀ ọ́. Má ṣàlàyé púpọ̀. Sọ pé o kò ní buwọ́ lù ú. Bó bá ní kí o máa lọ, máa lọ. Iṣẹ́ á tún wà. Bí wọ́n bá wá gbé ọmọ ọlọ́mọ kan jáde láti ibẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé ọ, kò síbi tí o máa sá gbà.

Ní ti omi wa, mo ti yan Onísùúrù. Dúró ná, má tíì yọ̀. Kì í ṣe pé o borí mi. Bí o bá fẹ́ mọ̀, mo lè gbé Oníkánjú sí gbangba lẹ́bàá ọgbà kí ohunkóhun má ṣe bàbá rẹ, ọlọ́jà gáàsì náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo rò ó. Ẹni tó bá ń wọ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Oníkánjú ló dára fún un. Ti bàbá rẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tó máa wù ú, nítorí náà ojoojúmọ́ ni omi gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kó máa dúró dè é. Bí iná bá sì lọ, ìbora náà á di ooru mú títí á fi dé. Orí ara mi ni mo fi rò ó o. Pé ó bá tìrẹ mu, ìyẹn ò kàn mí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú làákàyè. Mo gbà pé orí ara yín lẹ fi rò ó. Ẹ̀rín ni mo fi gbà á o.

Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ. Ó ń jẹ búrẹ́dì lórí tábìlì rẹ̀, láàárín ìwé iṣẹ́. Mo ní, "Sà, mi ò ní buwọ́ lù ú."

Kò gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ kí n wá ṣe sí ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀?"

"Ẹ gbé e sí gbangba, tàbí kí ẹ fi híìtì pọ́ǹpù rọ́pò rẹ̀. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ náà ń wọ omi, ìyẹn ló tilẹ̀ bá wọn mu jù."

"Èmi ò bèèrè ohun tó bá wọn mu. Ṣé wàá buwọ́ lù ú àbí o ò ní buwọ́ lù ú?"

"Mi ò buwọ́ lù ú."

Ó nu ọwọ́. Ó ní kí n kó irinṣẹ́ mi. Ó nawọ́ bírò náà sí Páìpù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Páìpù kó ọwọ́ méjèèjì sí àpò. Ó ní, "Èmi ni mo wọ́ ẹni yìí jáde lọ́jọ́ yẹn, sà. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí." Ọ̀gá lé àwa méjèèjì. A ti ibẹ̀ gba ilé ìwé náà lọ, a sọ ohun tí a mọ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé wọn lójúkorojú. Ó dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tó máa ṣe.

Mi ò níṣẹ́ báyìí, Màámi. Mo sùn dáadáa lánàá. Ẹ̀rọ ńkọ́? Bàámi ńkọ́? Ẹ tètè kọ̀wé.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Akọni mi,

O ṣeun. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ka ìwé rẹ fún obìnrin ọsibítù, fún ọlọ́jà gáàsì, fún awakọ̀ tipá tí mo pàdé lọ́nà, fún gbogbo ẹni tó bá dúró.

Wọ́n ti gbé Onísùúrù dé. Ṣé o mọ̀ pé ó lọ́ra lóòótọ́? Láràárọ̀ ni mò ń ki ọwọ́ bọ omi, láràárọ̀ ni mò ń bú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́, ó wá wo bí yóò ṣe parí. Ó dúró sí etí adágún, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò fà á yọ.

Lónìí, bàbá rẹ jí, ó di etí ibùsùn mú. Obìnrin ọsibítù kò tíì dé. Èmi nìkan kò sì lè gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Ẹ fún mi." Ó gbé bàbá rẹ mọ́ra, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́, pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú téèpù lápò. Bàbá rẹ pariwo nígbà tí omi kan àyà rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ òsì nínú omi. Ó lọ síwájú. Kò wọ́lẹ̀. Ó lọ síwájú, ó tún lọ síwájú, ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Bàámi, ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí a jáde."

Bàbá rẹ ya ẹnu. Ẹnu náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ dà. Ó ní, "Mi ò jáde."

Èmi gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ọ. Ó ní, "Bàámi, kí lẹ wí?"

"Mi ò jáde."

Etí omi ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìwé yìí, orí itan ni mo gbé e lé, ibi tí omi ta sí lára rẹ̀ ni o rí yẹn. A ti bẹ̀ ẹ́, a ti bú u, obìnrin ọsibítù náà ti dé, ó ti dá sí i. Kò tíì jáde.

Ìyá rẹ